Páálí Tí Wọ́n Yí Inú Rẹ̀ Síta

Ìjà ló kọ́kọ́ da Mìsítúrà àti Sherif pọ̀, bẹ́ẹ̀ Mìsítúrà kì í ṣe oníjà. Inú ilé ni ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ níwèé, kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ pariwo nínú ọgbà ilé-ìwé kankan rí. Bí àwọn àgbà bá ń sọ̀rọ̀ ní pálọ̀ wọn ní Peckham, ẹ̀gbẹ́ ògiri ló máa ń jókòó sí, á tẹ́tí, á panu mọ́. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n a máa bi ìyá rẹ̀ bóyá ó ya odi ni.

"Kò ya odi," ni Nàfísátù ìyá rẹ̀ máa ń dáhùn. "Ẹ̀yin lẹ ò tíì sọ ohun tó yẹ kó dáhùn."

Iṣẹ́ tí Mìsítúrà ń ṣe náà kò gba ariwo. Ó ń ra jálàbíà àti aṣọ ọmọdé tí wọ́n ti wọ̀ díẹ̀, á fọ̀ wọ́n, á lọ̀ wọ́n, á tẹ́ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì ya fọ́tò, á sì gbé fọ́tò náà sórí fóònù fún títà. Bí ẹnìkan ní Leeds tàbí Birmingham bá ti rà á, ó kù kí ó dì í, kí ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí kọ̀ńtà tí wọ́n ti ń gba ẹrù ní Surrey Quays.

Pẹpẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ńtà náà tí wọ́n to páálí ọ̀fẹ́ sí. Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, àmọ́ ọ̀fẹ́ tó lófin ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹrù ránṣẹ́ ní kíákíá, tí yóò san owó gọbọi kó lè dé lọ́jọ́ kejì, òun nìkan ni ilé-iṣẹ́ náà ní kó mú nínú rẹ̀. Gbogbo àwọn tó ń tajà lórí fóònù ló mọ òfin yìí, gbogbo wọn náà ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n á kó páálí náà relé, wọ́n á tú u, wọ́n á yí inú rẹ̀ síta kí orúkọ ilé-iṣẹ́ náà lè wọnú, wọ́n á fi téèpù lẹ̀ ẹ́ padà, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí owó tirẹ̀ kéré.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, Mìsítúrà ti fi mélòó kan há abíyá.

"Sister! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọ híjáàbù aláwọ̀ ewé yẹn. Ṣé kíákíá lẹ fẹ́ fi tiyín ránṣẹ́?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí ìwọ̀n ló ń sọ̀rọ̀. Ó ti rí orúkọ Yorùbá lára ẹrù tó gbé sílẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi sọ Yorùbá sí i.

"Rárá," ni Mìsítúrà wí. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

"Ẹ dá a padà nígbà náà. Bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ tún wá wọ híjáàbù lé e!"

Obìnrin kan tó wà lẹ́yìn pòṣé. "Ẹ jẹ́ á ríbi kọjá jàre. Nítorí páálí lásán-làsàn!"

Mìsítúrà dá páálí náà padà sórí pẹpẹ, ó sì jáde bí ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná sí lára. Inú bọ́ọ̀sì ló wà kó tó rántí pé òun ti fi ẹrù òun sílẹ̀ lórí kọ̀ńtà. Kò sùn dáadáa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó padà lọ.

"Mo ti bá yín fi ránṣẹ́," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí kó tó bi í.

"Ta ló ní kí ẹ bá mi fi ránṣẹ́?" Ẹnu ya Mìsítúrà fúnra rẹ̀ pé òun ló ń sọ̀rọ̀. "Páálí ni mo mú. Híjáàbù mi ò mú nǹkan kan. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi bú u?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wolẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbójú sókè. "Òótọ́ lẹ sọ. Mo ṣìwí. Ẹ má bínú, Sherifdeen ni mò ń jẹ́." Ló bá wọ ẹ̀yìn ilé lọ, ó gbé ìdì páálí àlòkù kan jáde, irú èyí tí àwọn ènìyàn máa ń já sílẹ̀ bí wọ́n bá ti mú ohun inú rẹ̀. "Ìdọ̀tí là ń kó wọn dà sí. Kò sófin lórí èyí. Ẹ máa wá gbà á ní ìrọ̀lẹ́, ìgbà yẹn ni mo máa ń wà níbí."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọmọbìnrin mìíràn ń gba òdòdó, Mìsítúrà ń gba páálí. Á rẹ ìwé àdírẹ́sì àtijọ́ ara rẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, á fi ẹ̀yìn ṣíbí ha á kúrò, á máa rẹ́rìn-ín lóun nìkan. Bí Sherif bá parí iṣẹ́, wọ́n á jọ rìn létí omi títí dé ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró sí. "Ẹ" tí ó ń pè é di "o". Mìsítúrà kò yí tirẹ̀ padà, "Brother Sherif, ẹ" ló ń wí, àmọ́ ọ̀nà tó gbà ń wí i ti yí padà.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù. Ìyá Sherif, Àlàájà Látífàt, ni ọ̀gá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òwúrọ̀ ní kọ̀ńtà yẹn gan-an.

"Orí Mummy ti gbóná sí àwọn tó ń jí páálí," ni Sherif sọ fún un. "Àwọn ọ̀gá òkè ti ń bi í bóyá òun ló ń tà á. Tó bá mú ẹnìkan lára wọn, á jẹ ẹ́ ní tútù."

Nígbà tí Iléyá kù díẹ̀, ọjà Mìsítúrà yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìdì páálí tí Sherif ń kó fún un náà sì ń tóbi sí i. Lọ́jọ́ kan ó tú ìdì náà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó rí i pé àwọn kan wà nínú rẹ̀ tí kò ní àpá kankan, tí ìwé àdírẹ́sì kò lẹ̀ mọ́ rí. Tuntun ni wọ́n. Páálí orí pẹpẹ ni wọ́n. Ó mú fóònù kó fi bi í, ó tún gbé e sílẹ̀. Ká sòótọ́, ó dùn mọ́ ọn nínú pé ẹnìkan rú òfin nítorí òun. Ó yí inú wọn síta.

"Mísì, níbo lo ti ń rí páálí tó le dáadáa báyìí?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Wọ́n fún mi ni, Mummy."

Kì í ṣe irọ́. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tó tó àkókò láti sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó fún àwọn òbí, Aunty Ìbídùn ni wọ́n fi ṣe alárinà. Ó ń dirun nítòsí wọn, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tó ti ilé Àlàájà dé, ó jókòó, ó bọ́ bàtà, ó béèrè omi.

"Màmá yẹn gbóná! Ó ní, ṣé ọmọ tó ń ta àlòkù lórí bẹ́ẹ̀dì lọmọ òun rí. Mo ní, 'Àlàájà, bẹ́ẹ̀dì yẹn mọ́ ju kọ̀ńtà yín lọ.'"

"Aunty! Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn?" Ẹ̀rù ti ba Mìsítúrà.

"Inú mi ni mo ti sọ ọ́. Ṣé wèrè ni mí? Ìta ni mo ti ní, 'Ẹ jọ̀ọ́ mà.'"

Nàfísátù ò rẹ́rìn-ín. "Ṣé torí ó wọ aṣọ ilé-iṣẹ́ ló fi ń fọ́nnu? Ẹ sọ fún un, ọmọ mi ò wọ́n lórí àtẹ."

Síbẹ̀síbẹ̀, ẹbẹ̀ pọ̀, Àláàjì bàbá Sherif dá sí i, wọ́n sì mú ọjọ́ mọ̀mínmọ̀ọ́. Nàfísátù kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i fín. Ó ní òun yóò fi àwo tánganran ta àna òun lọ́rẹ, àwọn àwo olódòdó tó ti ń tọ́jú fún ọjọ́ yẹn tipẹ́. Ó wá inú yàrá Mìsítúrà, ó rí páálí kan tó le, tó mọ́ láìlábàwọ́n, ó to àwo sínú rẹ̀, ó fi bébà alárànbarà wé e. Ibi ọ̀ṣọ́ ojú ni Mìsítúrà wà nígbà yẹn. Kò mọ̀.

Lẹ́yìn ìrun Aláásàrí ni àwọn ará ilé ọkọ dé. Uncle Ajíbóyè, àbúrò bàbá Mìsítúrà, ti wá láti Stockwell láti gbẹnu sọ fún ìdílé. Wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n ṣàdúà. Àlàájà Látífàt tilẹ̀ yìn ìrẹsì. Nígbà náà ni Nàfísátù gbé ẹ̀bùn náà jáde tẹ̀ríntẹ̀yẹ. Bó ṣe ń gbé e lé Àlàájà lọ́wọ́, bébà náà ya ní igun kan.

Ìka Àlàájà dúró lórí etí páálí tí wọ́n fi téèpù lẹ̀ padà níbẹ̀. Ó fa bébà náà ya dé ìdí, ó ṣí ìdérí páálí, ó tẹjú mọ́ inú rẹ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ló ń wò ó padà, gàdàgbà gàdàgbà.

"Kí lèyí?"

"Àwo ni, Àlàájà. Ẹ máa fi rántí wa."

"Mi ò bi yín ní ti àwo. Páálí ni mo ní! Páálí ibiṣẹ́ mi rèé, tí wọ́n yí inú rẹ̀ síta. Èmi ni wọ́n ń pè lẹ́jọ́ lórí rẹ̀. Èmi ni wọ́n ń wò tìfuratìfura. Ẹ wá fi di ẹ̀bùn, ẹ gbé e fún mi!"

Ẹ̀rín kúrò lójú Nàfísátù. "Ta lẹ ń pè lólè nínú ilé mi?"

"Ẹni tó kó o wọlé."

"Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi sùúrù..." ni Uncle Ajíbóyè bẹ̀rẹ̀.

"Uncle, ẹ jókòó jẹ́ẹ́!" Àlàájà ti dìde. "Ẹni tó lè yí páálí kí orúkọ olóhun má hàn, bó ṣe máa yí ọmọ mi nìyẹn tó bá délé rẹ̀."

"Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, mi ò mú abẹ́rẹ́ ẹni ẹlẹ́ni!" Nàfísátù náà dìde. "Wọ́n fún wa ni."

"Ta ló fún yín?"

Gbogbo ojú yí sí Mìsítúrà. Mìsítúrà wo Sherif. Sherif jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀, ó ń wo ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Kò gbójú sókè. Mìsítúrà ń wí nínú ara rẹ̀ pé, ó ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀, ó ń gbaradì ni, nísinsìnyí ni yóò la ẹnu. Ìbọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ó ń wò.

"Látífàt, ó tó," ni Àláàjì wí. Wọ́n jáde. Ní ẹnu ọ̀nà Sherif bojú wẹ̀yìn. Mìsítúrà fa híjáàbù rẹ̀ bo ojú.

Nígbà tí ilé dákẹ́, Nàfísátù jókòó ti àwọn àwo náà. Kò pariwo. "Mísì, ta ló fún ẹ?"

Ó sọ fún un.

"Ìwọ wá jẹ́ kí wọ́n pè mí lólè lójú àbúrò bàbá rẹ."

"Mummy, mò ń retí pé kó sọ̀rọ̀ ni."

"Èmi náà ń retí pé kí ìwọ sọ̀rọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́fun Mìsítúrà mọ́. Sherif ń pe fóònù, kò gbé e. Síbẹ̀, bí aago ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa wá ọ̀nà Surrey Quays fúnra rẹ̀, yóò sì jókòó lé e lórí. Aunty Ìbídùn tún wá.

"Ó ní kí n sọ fún ẹ pé ọkàn òun ti bàjẹ́."

"Kí ló dé tí kò fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́?"

"Ọmọ mi, bí àwọn ọkùnrin bá lè fẹnu ara wọn sọ̀rọ̀, ta ni ì bá wá alárinà?"

Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ dé mọ́sálásí. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, bí Nàfísátù ṣe ń wá ibi jókòó láàárín àwọn obìnrin, ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ bá wa wo báàgì wa o. Ẹ má bá wa yí i síta o." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Nàfísátù náà rín in, ẹ̀rín tó le bí ẹ̀kọ tútù. Mìsítúrà rí ẹ̀yìn ọrùn ìyá rẹ̀ bó ṣe ń tẹ̀ síwájú láti kírun, ó sì mọ̀ pé òun kò lè tẹ́tí mọ́ kí òun má sọ̀rọ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè ló lọ, lákòókò iṣẹ́ Àlàájà. Èrò ti tò gbọọrọ, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Wọ́n ti gbé Sherif náà sí iṣẹ́ òwúrọ̀, òun ló wà nídìí ìwọ̀n. Mìsítúrà kò wò ó. Ó kúnlẹ̀ níwájú kọ̀ńtà.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà."

"Ìwọ nìyẹn! Ṣé páálí ti tán nílé ni?"

"Màmá mi kì í ṣe olè, mà. Wọn ò mọ̀dí ẹ̀. Èmi ni mo kó páálí wọlé, èmi ni mo yí inú rẹ̀ síta. Ẹ pè mí lólè. Ẹ sọ fún àwọn màmá ní mọ́sálásí pé èmi ni, kí wọ́n yéé fi Mummy mi ṣẹ̀sín."

"Dìde! Àwọn òyìnbó ń wò wá. Ta ló fún ẹ lọ́jọ́ náà tí ìyá rẹ fi ń lérí?"

Mìsítúrà mí kanlẹ̀. "Kò sẹ́nìkan, mà. Èmi ni mo mú un lórí pẹpẹ."

"Irọ́ ló ń pa, Mummy."

Sherif ti kúrò nídìí ìwọ̀n.

"Mo mọ̀ pé ó lè purọ́. Padà sídìí iṣẹ́ rẹ."

"Èmi ni mo fún un. Orí pẹpẹ yẹn ni mo ti ń kó o. Ó ń kúnlẹ̀ lójú gbogbo ayé kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ mi, èmi tí mo jókòó ní pálọ̀ wọn tí mò ń wo ìbọ̀sẹ̀ mi."

Àlàájà wo pẹpẹ, ó wo ọmọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́. "Lábẹ́ imú mi. Tí wọ́n fi ń wò mí bí olè. Bọ́ káàdì ọrùn yẹn."

Sherif bọ́ ọ, ó gbé e sórí ìwọ̀n. Ó na ọwọ́ sí Mìsítúrà láti gbé e dìde. Mìsítúrà fúnra rẹ̀ dìde.

"Ẹ pẹ́, Brother Sherif," ló wí. "Ẹ pẹ́ púpọ̀." Ó sì jáde.

Kò sẹ́ni tó rò pé Àlàájà Látífàt yóò ṣe ohun tó ṣe ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ṣe sálámà tán, ó dìde dúró láàárín àwọn obìnrin. "Ẹni tí mo pè lólè kì í ṣe olè. Ọmọ mi ló jí i. Mo ti sọ ọ́, ó tán. Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni wá dì mọ́ mi." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó kọjá níwájú Nàfísátù, kò kí i.

Sherif rí iṣẹ́ mìíràn ní Bermondsey, ní ibi tí wọ́n ti ń já ọjà sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Láti ibẹ̀ ló ti ń wá dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà wọn. Nígbà àkọ́kọ́, Nàfísátù ṣílẹ̀kùn, ó wò ó, ó tì í padà. "Ẹ jẹ́ kó nà síbẹ̀," ló wí. Àwọn aládùúgbò ń dá a kọjá pẹ̀lú báàgì ọjà wọn, ẹnìkan bi í bóyá kí òun pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Ó tún wá. Ó tún wá. Níkẹyìn Nàfísátù yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe èmi ni yóò bá a gbé. Lọ sọ tìrẹ."

Mìsítúrà jáde, ó dúró lé e lórí. Ṣé ẹni tó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan kò ní dákẹ́ mọ́? Òun náà ṣáà dákẹ́. Bóyá ìdí nìyẹn tí òun fi mọ bí ó ṣe wúwo tó.

"Bí wọ́n bá tún pe ẹnìkan lólè lójú yín ńkọ́?"

"Mi ò ní wo ìbọ̀sẹ̀ mi mọ́."

"Ẹ má wọ̀ ọ́ wá rárá," ni Mìsítúrà wí. "Kí ẹ má baà rí nǹkan wò. Ẹ dìde, ilẹ̀ tutù."

Lọ́jọ́ yìgì, òtútù mú gan-an, àmọ́ ẹsẹ̀ lásán ni ọkọ ìyàwó fi jókòó síwájú àwọn àlùfáà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń gbọ̀n, ó ń wo Mìsítúrà lójú kòrókòró. Ìyá ọkọ jókòó sí apá kan, ìyá ìyàwó jókòó sí apá kejì, wọn kò kí ara wọn.

Nígbà tí wọ́n so yìgì tán, Nàfísátù dìde. Àwọn àwo olódòdó ọjọ́sí ló gbé. Kò sí páálí ní ìdí rẹ̀, kò sí bébà. Ìborùn ara rẹ̀ ló fi dì wọ́n, ó ta á ní kókó lókè. Ó gbé e síwájú Àlàájà.

"Ẹ tú u níbí. Kí gbogbo èèyàn rí i."

Aunty Ìbídùn fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Àlàájà tú kókó náà. Ó kó àwo fún Àláàjì, ó na aṣọ náà síta, ó wo ojú rẹ̀, ó yí i, ó wo inú rẹ̀. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

"Ó ti ṣá," ló wí.

"Ọdún tí mo bí ọmọ tẹ́ ẹ gbé yìí ni mo rà á."

Àlàájà ṣẹ́ ìborùn náà po, ó gbé e lé èjìká ara rẹ̀, ó sì fà á bo àyà. "Òtútù wà níta."

"Àwo ni mo fún yín o, Àlàájà," ni Nàfísátù wí, ohùn rẹ̀ sì le. "Mi ò fún yín ní ìborùn mi."

Àlàájà ti kọrí sí ẹnu ọ̀nà, kò bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ wá gbà á nílé mi."